Ìró Máṣíìnì Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Àbíjàn. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ la fi ra oògùn ẹsẹ̀ Ìyá wa, wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àgbàdo oko wa ní Ọ̀lá ò ṣe dáadáa.

Ọ̀rọ̀ Ràshídátù ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí a ti pín ogún Bàbá, tí ẹ gbé máṣíìnì ìránṣọ wọn lọ, kò fẹ́ sùn mọ́. Ẹ mọ̀ pé ìró rẹ̀ ló máa ń gbọ́ sùn láti kékeré. Tí mo bá tẹ́ ẹní, á bọ́ síta. Ọmọ ogún ọdún ni, n ò lè dì í mú. Nọ́ọ̀sì ní oorun máa ń ṣòro fáwọn tó ní ọ́tísíìmù bíi tirẹ̀, tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní àlùjànnú ni.

Nígbà tó rẹ̀ mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní oògùn ikọ́ kó lè sùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kò jí títí wọ́n fi kírun Alásárì. Mo rò pé mo ti pa á ni. Mo ti da ìyókù nù.

N ò ní kí ẹ dá máṣíìnì padà, ogún yín ni. Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gba ìró rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọlọ́hun ò ní fi oorun àlàáfíà dù yín.

Lánàá, mo fẹnu ara mi ṣe ìró náà fún un. Ó rọra fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Àbúrò yín,
Kàdíjà