Bàbá Mi, Ẹ Má Tíì Ṣí Òkè Wa fún Jíìpù

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Corduff ní ìlú Dublin, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àkànní àti ìyàwó wọn. Mo kí ìyá àgbà, ẹni tí mo gbọ́ pé ara wọn ti le díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń fi jíìpù gun òkè ṣe fàájì ti wá bá yín láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí ẹ yọ̀ǹda òkè wa fún àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yin olórí ẹbí fẹ́ gbọ́ tẹnu èmi tí mò ń ṣe irú fàájì bẹ́ẹ̀ lókè òkun kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Mo rò ó títí. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síta kí àwọn ẹlòmíì náà kà á, torí kì í ṣe òkè tiwa nìkan ni wọn yóò gùn.

Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń gbé wọn dìde, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń gbọ́ ìròyìn àwọn ọmọ tí kì í yọjú sí wọn. Bí mo bá délé, Yorùbá ni mo máa sọ sí Ìrètí ọmọ mi, òun á sì fi Gẹ̀ẹ́sì ará Dublin dá mi lóhùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, àdáwà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa jíìpù lórí òkè, nígbà tó gbọ́ pé ọmọ awakọ̀ agbégẹdú ni mí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di sítíárì mú lórí òkúta, tí ọkọ̀ ń mì, tí mo rí ìlú àti òkun nísàlẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ó dà bíi pé mo tún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú lọ́rì.

Ṣùgbọ́n a kì í ṣe é ní ìṣekúṣe. Àgbẹ̀ kan tó ń sin àgùntàn, tí mò ń pè ní Bàbá Joe, ló yọ̀ǹda ọ̀nà olókùúta tó gba orí ilẹ̀ rẹ̀ fún wa. Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ fi ń yẹ ọ̀nà náà wò. A máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó má bàa gbẹ́ ilẹ̀. Géètì tí a bá bá ní títì, a ó tì í padà. Bí òjò bá pọ̀, a ó yí ọkọ̀ padà sílé láìjiyàn. Níbi tí òkúta bá sì tán sí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń dúró, torí ohun tó kù lókè, àbàtà ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá, àbàtà lórí òkè! Odò tó la àárín Dublin kọjá, inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan, irọ́ ló ń pa.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ìjọ wa, àwọn ará ní àwọn fẹ́ lọ gbàdúrà lórí òkè bí a ti ń ṣe nílé. Mo bẹ Bàbá Joe. Ó ní gránd ni, ìyẹn ni pé kò burú, bí a bá sáà ti dúró lórí òkúta. Mo fi jíìpù mi ṣíwájú, Díákónì Ọláìyá fi tiwọn tẹ̀ lé mi. Nígbà tí òkúta tán, mo ní kí gbogbo wa sọ̀ ká fẹsẹ̀ rìn. Orúnkún ń dun Díákónì, wọ́n sì rí koríko tó tẹ́ rẹrẹ níwájú. Mo sọ fún wọn pé ẹrẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi, pé níbo ni mo ti rí àbàtà lórí òkè rí, àpáta ló ń wà lórí òkè. Wọ́n tẹná. Bàbá, kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi rì dé ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ti ń tẹná sí i ni táyà ń ya ilẹ̀, tí omi dúdú ń tú jáde.

Bàbá Joe fi katakata àti okùn gígùn fà wọ́n jáde. Kò pariwo, ì bá sì sàn kó pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ojú ọgbẹ́ tí táyà dá sí ilẹ̀ náà, ó ní ọmọ-ọmọ òun kò ní rí i kó san. Lẹ́yìn náà ló ti géètì fún gbogbo ọkọ̀, ti ìjọ àti ti ẹgbẹ́ wa. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ẹgbẹ́ náà, èmi ni mo sì dúró fún àwọn èèyàn mi. Ojú tì mí gan-an, inú sì bí mi sí Díákónì.

Àmọ́ mi ò lè gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sílé Bàbá Joe. Bí a ti wọ àgbàlá, Díákónì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì tútù, pẹ̀lú kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ajá ń gbó. Ìyàwó Bàbá Joe rò pé àrùn ọkàn ló gbé wọn ṣubú, ó sáré lọ pe áńbúláǹsì. Èmi ni mo yára ṣàlàyé pé bí àgbà ṣe ń tọrọ àforíjì nílé wa nìyẹn. Bàbá Joe fa Díákónì dìde. Ó ní òun kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀, òkè ni wọ́n ṣẹ̀. Ó wá lọ mú ṣọ́bìrì.

Sátidé lẹ́yìn Sátidé la fi ń gun ibẹ̀, à ń to erùpẹ̀ padà, à ń fi pákó dínà omi kó má bàa ṣàn gbẹ. Díákónì kò pa ọ̀kankan jẹ. Ojú ọgbẹ́ náà ṣì dúdú. Géètì ṣì wà ní títì fún ọkọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń kọjá. Fàájì mi ti lọ, mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mí.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ má lé àwọn ọmọ náà. Adùn tí wọ́n ń wá, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìsun omi tí Màámi ń pọn kí Ọlọ́run tó pè wọ́n, orí òkè yẹn ló wà, gbogbo àdúgbò ló sì ń mu nínú rẹ̀. Ẹ má ṣí ọ̀nà títí wọn yóò fi bá yín fẹsẹ̀ gùn ún, kí ẹ fi ibi tó jẹ́ àpáta hàn wọ́n, kí ẹ sì fi ibi tí táyà kò gbọ́dọ̀ dé láéláé hàn wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín kò gbé yín débẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n pọ̀n yín. Ẹni tó bá pọn àgbà gun òkè yẹn máa mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ẹni tí kò bá lè pọ̀n yín, kó máa gbé jíìpù rẹ̀ lọ.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kí ẹ jèrè wa, kí omi ilé wa má gbẹ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ìrètí ní kí n kí yín, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá pọ̀n yín dé ìdí ìsun náà, ẹ bá mi bu omi kan mu.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní ọkọ̀ wíwà,
Mojísọ́lá