Bàtà Tó O Rà fún Màmá

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Kí òtútù ibẹ̀ má ṣe yín ní nǹkan. A ti tún òrùlé ṣe. Owó oògùn tó o fi ránṣẹ́ ti dé. Àpò rẹ ò ní gbẹ.

Màmá ní kí n sọ fún ọ pé bàtà tó o rà bá àwọn mu rẹ́gí. Irọ́ ni. Ọkàn wọn ò lágbára mọ́, omi ti kún ẹsẹ̀ wọn. Tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe fún ìyá oníyàá ti bá mi délé. Tí mo bá ní wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́, wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ọbẹ̀ tó tẹ́ yìí lo fẹ́ fi sìnkú mi ni?” Màá bá wọn rẹ́rìn-ín, màá wá lọ sunkún nílé ìdáná.

Bàtà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn. Wọ́n ní ọjọ́ tó o bá dé làwọn máa wọ̀ ọ́ wá pàdé rẹ.

Dákun, má ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ìwọ ni kó o máa bọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kó o bá wọn láyé. Tó o bá dé, má bèèrè bàtà; ẹsẹ̀ wọn ni kó o gbé lé itan.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.