Ìkẹ́dùn Lórí Bàbá Awọnmi, Ẹni Tí A Pè Ní Ọ̀dàlẹ̀

Sí Ìyá wa, aya Bàbá Awọnmi, àti ẹ̀yin ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìtìjú tó ju ìbànújẹ́ náà lọ, ni àwa Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Etídò fi gbọ́ pé baba yín, onímọ̀-ẹ̀rọ wa fún ọdún mọ́kànlá, ti papò dà. Ìyá wa, ẹ ránṣẹ́ sí wa pé ẹ kò fẹ́ òdòdó, ẹ kò fẹ́ àga, pé òtítọ́ kan péré lẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó sin ọkọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fìdí kalẹ̀, kí àwọn ọmọ sún mọ́ yín. Ìtàn la fẹ́ sọ. Kò gùn, kò sì pọ́n wa lé.

Láràárọ̀, kí ọ̀pọ̀ wa tó bọ́jú, baba yín á ti sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀ tó ti lẹ̀ níbi mẹ́ta. Ó ri ọ̀pá kan mọ́ ẹsẹ̀ afárá, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára, ibi tí omi bá sì dé ni yóò kọ sínú ìwé. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé odò ti kí yín káàárọ̀?" Á ní, "Ó kí mi. Ó ní ṣé ẹ̀yin ti bọ́jú?" Òun náà ló kọ́ àwọn obìnrin ilé ìlọ̀, níbi tí a ti ń lọ àgbàdo, bí wọn yóò ṣe máa tún ẹ̀rọ wọn ṣe, tí wọn kò fi dúró de ẹnikẹ́ni láti ìlú ńlá mọ́.

Nígbà náà, àwọn olùdókòwò ti ń fojú sí agbègbè wa pé ó ń gbérí bọ̀. Wọ́n ní àwọn yóò yá wa lówó fún iṣẹ́ tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́, tí ọmọ-ọmọ wa yóò bá láyé. Ẹ̀rọ tí omi ń yí, tó ń mú iná jáde, tó lè fa omi sí oko, la tọrọ. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wá: ṣé odò yín ń ṣàn yípo ọdún? Bí kì í bá ṣe ti ìwé baba yín, a kì bá tí rí ohun kankan fi dá wọn lóhùn.

Àmọ́ ìwé náà kò fi nǹkan bò. Nínú oṣù méjì ẹ̀ẹ̀rùn, omi yẹn kò lè yí ju ẹ̀rọ kan lọ. Baba ní kí a béèrè ẹ̀rọ kan. Ojú wa ti wọ ẹ̀rọ mẹ́ta. Alága wa sọ fún un ní ìpàdé pé, "Bàbá, oṣù méjì péré lẹ fẹ́ fi gba ire ọdún gbọọrọ lọ́wọ́ wa? Ẹ yọ ọ́ kúrò jàre." Ó ní, "Ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ta ni yóò yọ ọ́ kúrò nínú odò?"

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ ni yóò dìde dúró. Baba yín nìkan ló dìde. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àgbà mẹ́tàdínlógún ló jókòó lọ́jọ́ náà, a ń wo ilẹ̀. A yọ ọ́ níṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. A sì fi ọwọ́ ara wa kọ ìwé odò mìíràn tí kò ní ẹ̀ẹ̀rùn nínú, a fi í ránṣẹ́ sí àwọn olùdókòwò.

Kò pẹ́ tí àwọn olùdókòwò fi kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ wa kò bára mu, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ sí agbègbè mìíràn. Ọkàn wa bàjẹ́. A ní ẹnìkan ló dalẹ̀ wa, a sì na ìka sí baba yín pé òun ló lọ tú àṣírí. Ọdún méjì gbáko, ẹnikẹ́ni kò gbé iṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ìyá wa, bí ẹ bá wọ ilé ìlọ̀, àwọn obìnrin tí ọkọ yín kọ́ níṣẹ́ á pa ẹnu mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo la bi í léèrè. Ó ní, "Ìwé mi wà lọ́wọ́ yín." A pè é ní ìgbéraga.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ó kú, obìnrin tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wa sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, ó sì rí ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ tí a kọ sí àwọn olùdókòwò, ọdún mẹ́ta ṣáájú irọ́ wa. Gbogbo ìwé odò baba yín la so mọ́ ọn, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwa fúnra wa la ti fi òtítọ́ ránṣẹ́, a gbàgbé, a sì tún fi irọ́ tẹ̀ lé e. Èsì wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan la kà nígbà náà, èyí tó kí wa kú iṣẹ́, tó ní kí a mú ètò kíkún wá. Lójú ìwé kẹta ni wọ́n ti sọ pé ìwé odò náà tẹ́ àwọn lọ́rùn, àti pé bí a bá béèrè ẹ̀rọ kan, àwọn yóò fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn gan-an.

Nítorí náà, òtítọ́ tí ẹ béèrè nìyí: Bàbá Awọnmi kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àwa la dalẹ̀ rẹ̀.

Alága yóò ka ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀ lẹ́bàá sàréè, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ìlọ̀. A ti fagi lé lẹ́tà ìyọkúrò náà. A ti kọ̀wé sí àwọn olùdókòwò fún ẹ̀rọ kan, a kò mọ̀ bóyá wọn yóò dáhùn. Àkọ́bí yín mọ bí a ṣe ń wọn odò. Bó bá fẹ́, iṣẹ́ baba rẹ̀ di tirẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù kíkún. Bó bá kọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

A kò ní kí ẹ dárí jì wá lónìí, òkú ṣì wà nílẹ̀. Kí Ọlọ́run, tí kì í gbàgbé ohun tí ènìyàn gbàgbé, tù yín nínú. Kí ó gbé orí yín sókè láwùjọ tí a ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí ó má jẹ́ kí ọgbẹ́ yín ṣí nígbàkigbà tí ẹ bá pàdé wa lọ́nà.

Obìnrin tí ń gbálẹ̀ ló ka lẹ́tà náà fún mi títí dé ojú ìwé kẹta. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́, tí mo tẹ lẹ́tà ìyọkúrò baba yín, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí yín.