Ibi Tí Ẹ Ti Máa Ń Yí Àga Padà

Bàbá mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ ló sú mi ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Eré yín ti di tèmi, apá mi ò sì ká a. Eré àtijọ́ tí ẹ gbé jáde lẹ́ẹ̀mẹta ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní Máfolúkù, eré opó tí ìlú rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sógun, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé, òun làwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àilégùn ní kí n darí. Sátidé tó ń bọ̀ la máa ṣe é. Mo fọ́nnu fún wọn pé ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Bàbá, ẹ má dá mi lóhùn.

Gbogbo ohun tí mo rántí nínú iṣẹ́ yín ni mo ti lò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ kálukú. Bí bàálù bá ń kọjá lókè, kí wọ́n dúró gbagidi títí yóò fi lọ. Ṣé ẹ rántí pé Màámi náà kọ́ àṣà yẹn lọ́dọ̀ yín? Màámi á máa bá mi wí nílé, bàálù á dé, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí.

Ìparí apá kejì ló dá mi dúró. Ìwé eré ní bí wọ́n bá ti ń gbé òkú ọmọ náà jáde, kí ìyá rẹ̀ sunkún tẹ̀ lé e dé ibojì. Mo ní bẹ́ẹ̀ la máa ṣe é. Ìyá Tómi, tíṣà ará Ìkéré tó ń ṣe ìyá náà, gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró.

“Dáírẹ́tọ̀, ẹ má bínú o. Òbí kì í sin ọmọ. Kò gbọ́dọ̀ mọ ojú oórì ẹ̀. Mo mọ̀ pé eré ni, àmọ́ mi ò lè ṣe é.”

Àwọn àgbà tó wá wòran bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ níkọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí. Òkòta lẹ ti tọ́ mi dàgbà. Mo fi etí gbọ́ èèwọ̀ yẹn rí, mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Báwo lẹ ṣe ṣe é nígbà yẹn? Ṣé ẹ ní kí ìyá náà tẹ̀ lé e ni? Mo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo jókòó sí, mi ò sì rí nǹkan kan, nítorí ẹ̀yin ni mò ń wò. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa ń yí àga yín padà, ẹ ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé ẹ fẹ́ fi etí nìkan gbọ́ eré ni. Mo tiẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, pé ọgbọ́n àgbà olùdarí ni.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Tómi ni mo gbé délé tí mo fi rántí ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò bá láyé, ẹni tí ẹ kì í dárúkọ. Màámi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé àwọn aládùúgbò ló sin ín, pé ẹ̀yin méjèèjì ò mọ ibẹ̀. Ṣé òun lẹ ń kẹ̀yìn sí? Kí ló wá dé tí ẹ fi ń padà sídìí eré yẹn? Mi ò bi yín nígbà tí ẹ wà láyé tí ẹ lè dáhùn. Ó ń dùn mí.

Lánàá a tún débẹ̀. Ìyá Tómi ń wojú mi pé kí n sọ ibi tí òun máa gbà. Mo yí àga mi padà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó gbé òkú bí wọ́n ṣe ń jáde. Mi ò gbọ́ ti Ìyá Tómi. Bàálù kan kọjá, ó lọ tán, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tún bẹ̀rẹ̀, èmi náà ò sì lè yíjú padà.

Sátidé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, Bàbá, mi ò mọ ohun tí mo máa ní kí wọ́n ṣe. Mo nífẹ̀ẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣẹ́kù, tó sì sin yín.