Ìyá Mi Lórí Ìtàgé

                                        Yàrá Kejì, Ilé Alájà,
                                        Lẹ́yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ọmọ ńkọ́? Ọmọ wa ńkọ́, ṣé eyín tó ń yọ ti jẹ́ kí ẹ máa rí oorun sùn? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé mi ò kọ̀wé láti ọjọ́ yìí. Dákun, gbé ìbínú yẹn sílẹ̀ ná, kí o wá ibì kan jókòó sí. Bí kì í bá ṣe pé ojú mi ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ní gbà á gbọ́ láéláé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi ẹ̀rọ ò yọ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fọṣọ, ni ọ̀gá wa bá ní ká máa lọ ilé. Mo rí bébà kan lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe: eré orí ìtàgé wà ní yàrá òkè ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ìwọ náà mọ̀ mí, ibi tí eré bá wà tí wọn ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì méjì ni wọ́n ta ní kọ́tìnnì, wọn ò tiẹ̀ lọ̀ ọ́! Àga tìmùtìmù kan ṣoṣo wà níwájú, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Mo sáré lọ fìdí lé e, mo rò pé orí ló bá mi ṣe é. Àṣé àga ẹni tó máa ń rán òṣèré létí ọ̀rọ̀ ni! Ẹgbẹ́ òṣèré náà ò ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ìwé eré. Kí n tó lanu, olùdarí wọn, bíríkìlà kan tó ga bí òpó, ti gbé e lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ṣí kọ́tìnnì. Ta ló jáde? Mọ́mì! Mọ́mì tiwa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń sọ fún mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ pé àwọn ń lọ kí ọ̀rẹ́ àwọn tí ara rẹ̀ ò yá! Àwọn yìí kan náà ló ní àwọn ò bímọ láti máa fò sókè sódò níwájú èrò, nígbà tí àwọn eléré wá pè mí sínú ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn tí mo parí ilé ìwé. Ìwọ lo bá mi sunkún lọ́jọ́ náà. Mọ́mì rí mi, gbogbo ọ̀rọ̀ sì pòórá lẹ́nu wọn.

Ìwé wà lọ́wọ́ mi o. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, mo kọ́kọ́ dákẹ́. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Àmọ́ ètè wọn ń gbọ̀n, ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ náà sí wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ṣe eré kan tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi, Mọ́mì mọ eré í ṣe! Àwọn èèyàn ń nu ojú, èmi náà ń nu tèmi, mo tún ń bínú.

Lẹ́yìn eré, mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, kí lẹ wá débí?" Wọ́n ní bàbá àwọn ló dá àwọn lẹ́kun eré ṣíṣe nígbà tí àwọn wà lọ́mọge. "Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nìyẹn."

Bíríkìlà ò jẹ́ ká sinmi. Ó ní ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ Mọ́mì nínú eré ń kó kúrò ládùúgbò, òun sì fẹ́ ohùn tí òun gbọ́ lórí àga yẹn. Mo ti gbà kí n tó ronú. Èmi tí mo ti rò pé aṣọ ẹni yìí àti ẹni yẹn ni màá máa lọ̀ títí màá fi darúgbó!

Àná la kọ́kọ́ dán an wò. Ibì kan wà tí ìyá ti ń kúnlẹ̀ bẹ ọmọ rẹ̀. Bí eékún Mọ́mì ṣe kanlẹ̀ níwájú èmi fúnra mi, mo fò dìde, mo figbe ta. Èèwọ̀! Ìyá tó bí mi lọ́mọ! Mo ní kí wọ́n yí ibẹ̀ padà, àbí kí n máa lọ. Bíríkìlà fẹ́ sọ̀rọ̀, Mọ́mì dá a dúró.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Jẹ́ n kúnlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí mo ti máa ṣe é."

Ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó.

Bá mi kí bàbá ọmọ àti ìyá wọn. Mọ́mì ní kí n kí ẹ, wọ́n ní kí o máa bọ̀ wá wòran.

Tìrẹ ni mí lọ́jọ́kọ́jọ́,
Alágbàfọ̀.