Ọ̀pá Onísípíríǹgì Lábẹ́ Ìjókòó Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹẹrẹ 2025

Mo lọ Kamina, mo bọ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí débi pé ìdúró ni mo fi ń kọ èyí, ìwé lórí maṣíìnì. Ọ̀nà ti gbẹ, ó ti di hàgàhàgà bíi páànù òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ sì ń kó fún ìbàdí mi. Maṣíìnì ìránṣọ mẹ́ta ni Pauline ní ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi ni mò ń tún wọn ṣe. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀ ìkejì, n kò lè dìde mọ́. Pauline ló fà mí lápá. Ó ní, "Ìyá Maṣíìnì, ẹ̀yin fúnra yín ti fẹ́ àtúnṣe." A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mí dé egungun.

Mo mọ ibi tí ìrora yìí ti wá. Zémí, ọ̀kadà akérò, ló gbé mi ṣubú lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n wọ̀n mí lọ́sibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun, wọ́n ní kò sí èyí tó ṣẹ́, pé yóò lọ. Kò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹẹrẹ

Ìyá Òfin pè láti Notsé. (Ẹ̀gbọ́n mi Àpọ̀kẹ́ nìyẹn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó ní obìnrin ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, opó, lórí kẹ̀kẹ́, àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn — kí ni mò ń lé, kí ni mo fẹ́ bá? Kí n palẹ̀ mọ́, kí n wá bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Ọdún mẹ́wàá rèé tí Mùhyídéènì ọkọ mi ti kú. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí kó tó lọ. Aránṣọ abúlé kì í ru maṣíìnì wá sí Atakpamé, èmi ni mò ń tọ̀ wọ́n lọ. Zémí ńkọ́? Mo ti já bọ́ lórí ọ̀kan, n kò gun òmíràn mọ́. Bí n kò bá lè gun kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Jímọ̀, 17 Ṣẹẹrẹ

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo yà sọ́dọ̀ Antoine tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Agbonou. Fofo Antoine, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Antoine, ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀díẹ̀ — nítorí kò sí nọ́ọ̀tù tí a fẹ́ tú lójú rẹ̀ tí kò ní sọ pé, "Díẹ̀díẹ̀." Ó ń sọ èdè Ifẹ̀ ti Atakpamé níbí, mò ń sọ Yorùbá, a sì ń fi Faransé dí ibi tó bá kù.

Ó wò mí bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wá ní ọ̀pá ìjókòó kan wà tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ó máa ń bá àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ òyìnbó wọ Lomé. Bí táyà bá kó sí kòtò, sípíríǹgì ni yóò gba ìyà náà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Òun ń lọ sí Lomé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 22 Ṣẹẹrẹ

Ó rí i. Ọ̀pá dúdú, ó wúwo ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì, ọrùn rẹ̀ wọ àpò rọ́bà kékeré kí eruku má baà wọlé. A fi í sí ihò kẹ̀kẹ́, ó ń mì lọ́tùn-ún lósì bí eyín àgbàlagbà. Ó tín-ín-rín jù. Ó ní kí n padà wá lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ṣẹẹrẹ

A ti fi í sí i. Ká sọ òótọ́, èmi ni mo fi í sí i, òun ń wò mí. Agolo mílíìkì la gé, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo wé e mọ́ ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì dí àlàfo náà pé. Gíríìsì nínú ihò kí irin méjèèjì má baà di ara wọn pa. Ìlà kan wà tí wọ́n fín sára ọ̀pá, ìlà yẹn kò gbọ́dọ̀ fara hàn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀pá yóò dá. Mo tì í wọlé títí ìlà fi wọlé tán. Mo wá gbé ìjókòó ga díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá, torí pé tí ènìyàn bá ti jókòó ó yẹ kó rì wálẹ̀ ní ìbú ìka kan.

Kò rì. Mo jókòó, ó dúró gbọin. Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀díẹ̀ ní kí n gùn ún lọ ná, pé sípíríǹgì tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń fẹ́ ìtaníjí.

N kò ní sanwó ọ̀pá náà. Maṣíìnì ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ó ti dípẹtà. Ó ní kí n bá òun tú u. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin náà ti kú. Linda lorúkọ rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹẹrẹ

Kamina. Bí ẹni jókòó sórí gẹdú. Inú kòtò ńlá nìkan ni sípíríǹgì ti ṣe "kíù" lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti sinmi, ìgbà kan ni mo máa ń dúró tẹ́lẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo tún jí nínú òógùn. Aṣọ ìbora tutù. Nínú ọyẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ajé, 27 Ṣẹẹrẹ

Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀díẹ̀ fi àtúnṣe rẹ̀ hàn mí. Yọ ọ̀pá jáde pátápátá. Ní ìdí rẹ̀, bóòtù ńlá kan wà tó dí ẹnu sípíríǹgì. Yí i sọ́tùn-ún, sípíríǹgì á le. Yí i sósì, á rọ̀. Ẹni tó bá wúwo nílò líle, ẹni tó fúyẹ́ nílò rírọ̀. Mo yí i sósì lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo bá a.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹẹrẹ

Kò sí ìyàtọ̀.

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹẹrẹ

Mo tún yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń mì díẹ̀ nísinsìnyí tí mo bá fi gbogbo ara jù ú sílẹ̀. Mo rí i pé imú ìjókòó ń wòkè, mo rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Èyí ràn mí lọ́wọ́ ju sípíríǹgì lọ.

Maṣíìnì Linda ti ń yí. Epo àti sùúrù ló fẹ́. Òwú pupa ṣì wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára aṣọ tí kò rán tán. N kò yọ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe gbé e fún un.

Jímọ̀, 31 Ṣẹẹrẹ

Mo bá Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀díẹ̀ jà.

Mo ní kó tún bá mi rọ̀ ọ́. Ó kọ̀. Ó ní bóòtù náà ti dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ọ̀pá, bó bá yọ jù bẹ́ẹ̀, yóò bọ́ lọ́jọ́ kan. Òun fúnra rẹ̀ wá jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Ìjókòó rì ní ìbú ìka kan géérégé. Ó ní kí èmi náà jókòó. Kò tó ìbú èékánná.

Ó bi mí pé, "Kílò mélòó lẹ wọ̀n?"

Mo ní méjìléláàádọ́rin, ohun tí ọsibítù kọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn.

Ó ní, "Méjìdínláàádọ́rin lèmi wọ̀n." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyá Maṣíìnì, kì í ṣe sípíríǹgì yìí ló ní ẹjọ́ rò."

Inú bí mi. Mo ní bóòtù nìkan ni mo bi í, n kò bi í nípa ara mi. Mo ní kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe, kì í ṣe ènìyàn. Mo wọ́ kẹ̀kẹ́ mi, n kò dágbére. Nígbà tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Atakpamé, agbára mi ti tán, mo ń tì í. Mo dúró lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ka iye rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Èrèlè

N kò jáde. Pauline fi aṣọ tí mo ní kó rán ránṣẹ́. Ó fẹ̀ jù lára mi bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi. Òdiwọ̀n tọdún tó kọjá ló lò, ni mo sọ fún ara mi, bí ẹni pé ìyẹn dáhùn nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlè

Mo fúnra mi rọ̀ ọ́. Nílé. Yíyí kan àti ààbọ̀ ju ibi tó ní kí n má kọjá lọ. Bóòtù yọ orí síta bí ìgbín.

Ó rì! Ìbú ìka kan. Mo gùn ún yí ká ilé bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlè

Ìkọ̀wé kò já gaara, àtẹ́lẹwọ́ mi bó.

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ sí Agbonou, ó ń dùn, ó ń mì lẹ́ńgẹ́. Lójijì ni mo gbọ́ "kan" nísàlẹ̀, ìjókòó sì já wálẹ̀ lábẹ́ mi. Bóòtù ti bọ́. Mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àpótí ṣí, abẹ́rẹ́ àti súkúrù fọ́n ká sínú eruku. Ọkùnrin kan tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló sáré wá. Kò ní àga. Ó gbé mi ka orí ohun tó sún mọ́ ọn jù: ìwọ̀n tó fi ń wọn àpò. Ó lọ wá omi fún mi. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ lọ sára ọwọ́ ìwọ̀n náà, ó ń ṣeré, ó ní, "Ìyá, ẹ ò tó àpò kan o."

Mo wò ó. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Mo ní ìwọ̀n rẹ̀ ń purọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ìwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò ìrẹsì tí a kò tíì tú sí i, àádọ́ta ni wọ́n kọ sí i lára. Ọwọ́ ìwọ̀n dúró lórí àádọ́ta.

Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò gbààwẹ̀. Ebi kò pa mí. Ibo ni mo kó wọn sí?

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlè

Mo lọ bẹ Antoine. Mo ti mú ọ̀rọ̀ náà dání, mo ti tò ó. Mo bá bóòtù mi lórí tábìlì rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́. Ọkùnrin alágbàdo ló sọ fún un, ó sì ti lọ wá a lẹ́bàá ọ̀nà kí oòrùn tó mú.

N kò tíì parí ẹ̀bẹ̀ tó fi bi mí pé ṣé mo máa ń làágùn lórí ibùsùn. N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀.

Ó jókòó. Ó ní, "Linda ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Aṣọ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Mo rí i. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. N kò bi í léèrè, torí n kò fẹ́ kó bínú."

Ó fi bóòtù náà lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tiyín, ẹ lè bínú. Ẹ ṣáà lọ sí ọsibítù."

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlè

Mo lọ. Wọ́n wọ̀n mí: mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀jẹ̀, itọ́, fọ́tò ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n lọ ya èyí tó tún mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ní Lomé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlè

Mo ti ya fọ́tò Lomé, mo ń dúró de èsì. Pauline di orí maṣíìnì kan mọ́ zémí, ó gbé e wá sílé fún mi. Ó ní àwọn méjì mìíràn ní Kamina ti ń bèèrè bóyá àwọn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n lè ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlè

Ikọ́ ife ni. Inú egungun ẹ̀yìn ló wọ̀. Mo ní n kì í wúkọ́. Dókítà ní kò pọn dandan, ó lè fi ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ kó lọ bá egungun. Zémí kọ́ ló fà á. Gbogbo àkókò tí mo fi ń dá zémí lẹ́bi, ó ń jẹ mí lọ. Dókítà fi egungun méjì hàn mí nínú fọ́tò tí ẹ̀gbẹ́ wọn ti ń rà. Ó ní bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà yẹn fún oṣù díẹ̀ sí i, bóyá ẹsẹ̀ mi kì bá gbé mi mọ́.

Oògùn ojoojúmọ́, ó kéré tán oṣù mẹ́sàn-án. Yóò san. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì: yóò san. Kò sí kẹ̀kẹ́ títí wọn yóò fi sọ pé ó yá.

Ààwẹ̀ ti dé tán. N kò ní lè gbà á.

Jímọ̀, 21 Èrèlè

Mo pe Ìyá Òfin. Mo ń retí òfin. Ó sunkún. Láti ìgbà ìsìnkú ìyá wa, n kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlè

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi lọ gba oògùn. Nọ́ọ̀sì Rosine, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ó mú ìwé kan jáde. Ó ní mo gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí yóò máa wò mí láràárọ̀ bí mo ti ń gbé oògùn mì, tí yóò sì máa sàmì sí ìwé náà. Àwọn ènìyàn máa ń dá a dúró bí ara bá ti yá díẹ̀, àìsàn á sì padà wá le sí i. "Ta ni yóò ṣe é?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti la ẹnu. Ó ti bá mi palẹ̀ yàrá kan mọ́ ní Notsé.

Mo ní, "Antoine, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Agbonou." N kò tíì bi í.

Rosine kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi gbé àpò oògùn dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní, "Antoine. Onígbàgbọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Kí ló jẹ́ sí ọ?"

Mo ní n kò tíì mọ̀. Mo ní òun ló rí i pé mò ń tán lọ nígbà tí èmi fúnra mi kò rí i, tí mo bú u, tí kò sì fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé n óò dá oògùn dúró lọ́jọ́ kan, òun ni yóò sọ ọ́ sí mi lójú.

Ó ní, "Èmi náà á sọ ọ́ sí ọ lójú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin á gbé mi lọ sí Notsé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlè

Mo bi Antoine. Ó nu ọwọ́ epo rẹ̀ nù pátá kó tó dáhùn. Ó bèèrè aago mélòó.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlè

Ọjọ́ kìíní. Aago mẹ́fà kò tíì lù tí mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Antoine níta. Ó ti wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á tán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kóró mẹ́rin. Wọ́n tóbi, ìkẹta há mi lọ́fun. Kò kán mi lójú. Nígbà tí mo gbé ìkẹrin mì, ó sàmì sí àpótí kékeré àkọ́kọ́, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo lẹ́tà.

Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé, ó ń wò wá láti ojú fèrèsé, mo mọ̀. Ọkùnrin náà ti yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà láti máa lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ, àga lọ́wọ́ kan, abọ́ kókò tó ń yọ èéfín lọ́wọ́ kejì. Ó gbé àga náà kalẹ̀ nínú eruku láàárín wa, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò mì.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Ọ̀nà Agbonou jìn."

Ó jókòó.