Táyà Tó Ń Wo Ara Rẹ̀ Sàn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni o, báwo ni iṣẹ́, báwo ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ayọ̀, kó má bá yín lórí àìsàn, kó má sì bá yín níbi tí ẹ ti ń bínú síra yín. Tó bá jẹ́ àwa lò ń béèrè, gbogbo wa la wà, orúnkún mi nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn. Ìyàwó àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má tún un ṣe.

Ọmọ mi, táyà tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí wa yẹn, iṣẹ́ ńlá ni o! O sọ fún mi lórí fóònù pé bí ìṣó bá gún un, fúnra rẹ̀ ni yóò dí ojú ihò náà. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò gbà ọ́ gbọ́, nítorí fóònù náà ń dún wọ́ọ́ wọ́ọ́, mo rò pé òun ló ń purọ́. Àfi bí àbúrò rẹ ṣe wa mọ́tò ti oko dé lọ́jọ́ kan, tí a rí ìṣó nínú táyà ẹ̀yìn, tó ti wọlé dé ọrùn. Mo fi ẹ̀mú fà á yọ. Ó ṣe fíì, ó sì dákẹ́! Mo gbé etí lé e, kò sí nǹkan kan. Mo tu itọ́ sí i, itọ́ náà kò hó. Mo pariwo títí àwọn ará ilé fi rò pé ejò ni mo rí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò jókòó mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni mo ń pè wá wò ó. Màá fi ìṣó kékeré gún un, màá fà á yọ, wọn á pàtẹ́wọ́. Àbúrò rẹ ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi táyà sílẹ̀, pé ó ní iye tó lè gbà mọ́ra. Mo ní ṣé òun ló rà á? Tí mo bá ti gún un tán, màá ní kí wọ́n gbé mọ́tò sábẹ́ igi kó sinmi, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á títí oòrùn á fi wọ̀, torí mo mọ̀ pé ojú egbò ṣì tutù.

O rántí Ọ̀gá Afẹ́fẹ́, fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní oríta wa, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló dá afẹ́fẹ́. Mo gbé táyà ìpààrọ̀ tó wà nínú búùtù, mo yí i gba títì lọ bá a, mo ní kó gbà á kó fi ṣe àga, pé mọ́tò ilé wa ti kúrò lára àwọn tó ń ṣàìsàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ ṣeun, bàbá, Olúwa ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ nílò rẹ̀. Mo ṣe àmín kíkankíkan.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Torí ojú rẹ̀ náà lo ṣe fi mọ́tò ránṣẹ́. Dókítà ojú tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ti ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ọsibítù ní Ọjọ́bọ̀ ní kùtùkùtù, pé ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó di ìgbà tí òun bá tún padà wá, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ìgbà náà. Ìyá rẹ ò rí ju òjìji lọ mọ́. Ó ti ń kí òpó ilé pé ṣé dáadáa ló jí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ yà sílé wa. Ó ní òun gbọ́ pé ibi tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀ ni mo máa ń gún. Tó bá dá mi lójú, kí n gún un ní ẹ̀gbẹ́. Àbúrò rẹ ní Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Ṣé o mọ̀ mí? Mo mú ìṣó tó gùn jù nínú ilé, mo fi òòlù gbá a wọ ẹ̀gbẹ́ táyà, mo fà á yọ. Fííííìì! Mo dúró kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Mọ́tò náà rọra tẹ̀ bíi màlúù tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ ní gọ́ọ̀mù tó ń dí ihò ò sí ní ẹ̀gbẹ́, ibi tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan ló wà, àti pé ẹ̀gbẹ́ ò ṣeé lẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ó ti rẹ táyà ni, tó bá sùn, yóò sàn kílẹ̀ tó mọ́. Mo fi aṣọ ìbora mi bò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, táyà ti pẹlẹbẹ bí bàtà. Àbúrò rẹ tan mọ́tò wò, iná kan tó dà bí ìkòkò tàn níwájú rẹ̀. Mo ní ebi ló ń pa mọ́tò, kó lọ ra epo sí i. Ó ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sọ pé ó ti tán. Mo ní kí ló kan ìkòkò kan afẹ́fẹ́? Ibi tí a ti ń jiyàn ni ìyá rẹ ti jáde, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó táràrà dé ìdí mọ́tò, ó wọlé jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó ní ọ̀nà yìí mà ti dára o, kò sí kòtò kankan mọ́.

Ọmọ mi, a ò tíì kúrò níwájú ilé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi jáde. Mo sáré, èmi tí orúnkún ń dùn, mo dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Afẹ́fẹ́. Ó ti kun táyà wa ní ọ̀dà funfun, ó fi dúdú ya nǹkan yí i ká, ó gbé e kọ́ sórí òpó lẹ́bàá títì. Ó ní ẹ káàárọ̀, bàbá, ẹ jókòó. Mo ní mi ò jókòó. Ó ní ṣé kò sí nǹkan? Mo ní kò sí, mo kàn ń kọjá ni. Ó ní ẹ máa kọjá dáadáa o. Mo kọjá. Mo dé iwájú, báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ ń yọ sí mi lójú, mo padà. Mo ní táyà mi jò. Ó ní òun ò gbọ́. Mo wá pariwo rẹ̀ létí gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ pé táyà mi jò, èmi ni mo gún un, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́! Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bàbá mi tó fi oko sílẹ̀ fún mi kò sọ ọ́ rí. Kí n tó pa ẹnu dé, Ọ̀gá ti gun òpó. Ó já táyà, ó fẹ́ ẹ, ó gbé jáákì lé èjìká, ó sáré ṣáájú mi. Bó ṣe ń fi jáákì gbé mọ́tò sókè, ìyá rẹ ní ẹ ò rí i, a ti ń gun òkè. Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ ò gba kọ́bọ̀. Ó ní torí ìyá lòun ṣe é, kì í ṣe torí èmi.

Bí a ṣe wọ ọsibítù ni wọ́n ń pe orúkọ ìyá rẹ! Wọ́n mú un wọlé. Èmi dúró ti mọ́tò. Ọkùnrin kan ti alùpùpù wá bá mi, ó ní kí n bá òun lẹ táyà. Mo ní ta ló rán an? Ó ní ohun tí mo kọ sára táyà mi nìyẹn, pé a ń lẹ táyà níbí. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mo rò pé òdòdó ni Ọ̀gá yà sí i! Wọ́n sì ń wá o, oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́mọlanke. Mo sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n lọ ra èyí tó ń wo ara rẹ̀ sàn, kí wọ́n má kàn gún un ní ẹ̀gbẹ́.

Iṣẹ́ náà yọrí, ọmọ mi! Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìyá rẹ wò mí, ó wò mí títí. Mo ń retí ọ̀rọ̀ dídùn. Ó ní ta ló ń gé irun mi. Ó ní ọrùn ẹ̀wù mi dọ̀tí. Láti ìgbà tí a ti délé, ó ti rí aláǹtakùn tó wà lókè àjà, ó ti rí ibi tí mo ń kó oògùn tí mi ò fẹ́ lò sí. Mi ò ní ìsinmi mọ́. Ní àárọ̀ yìí, ó jókòó síta, ó kàn ń wo ewé igi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú kan péré sì ni wọ́n tíì ṣe o.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó táyà ẹ̀yìn kan ránṣẹ́. Bá mi bi àwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù náà bóyá wọ́n ní ti òrùlé, torí òjò ń jò sórí ibùsùn wa, kí o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ti orúnkún. Ti owó ojú kejì ìyá rẹ, mi ò mọ ibi tí màá sá pamọ́ sí tó bá là, ṣùgbọ́n òun ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní gún ọ. Èémí rẹ kò ní jò. Ojú rẹ kò ní ṣe bàìbàì, wàá máa rí ìdọ̀tí ọrùn ẹ̀wù ọkọ rẹ títí tí ẹ̀yin méjèèjì á fi darúgbó.

Èmi ni, bàbá rẹ.